Ìdí Ọsàn Ńkọ́?

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn tó ń ta ọ̀gbìn máa ń to ọ̀rá dúdú sílẹ̀ lọ súà, mo dúró ra ọsàn mẹ́fà. Ọmọkùnrin tó ń tà á gbé ọ̀kan sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Valencia ni gbogbo èyí. Tó bá fi máa di ọdún kẹrin, ẹ ti ń ká a." Mo bẹ̀rẹ̀, mo fọwọ́ kan àpá kékeré kan tó wà díẹ̀ sókè ilẹ̀, níbi tí igi náà ti tẹ̀ bí ìgúnpá ọmọdé. Mo bi í pé, "Ìsàlẹ̀ ibí yìí ńkọ́? Kí ni wọ́n gbìn kí wọ́n tó lọ́ Valencia mọ́ ọn?" Ó wò mí bí ẹni tí mo béèrè orúkọ ìyá àgbà rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú èrò. "Ìsàlẹ̀ kẹ̀? Ọsàn náà ni, ẹ̀gbọ́n."

Kò parọ́, àmọ́ ìdáhùn rẹ̀ kò débẹ̀. Igi ọsàn tí à ń rà ní nọ́sìrì lóde òní, igi méjì ló so pọ̀ di ọ̀kan. Èyí tó wà nílẹ̀, tó ni gbòǹgbò, ni màá máa pè ní igi ìdí. Èyí tó ń so èso tí à ń mu ni igi orí. Orúkọ orí ni gbogbo ayé mọ̀: Valencia, Washington, Hamlin, Agege, Meran. Orúkọ ìdí kì í sí lẹ́nu ẹni tó ń tà á, bẹ́ẹ̀ ìdí lọ́wọ́ nínú bí igi yóò ṣe ga tó, bí yóò ṣe tètè so tó, iye ọsàn tí yóò so, bí omi rẹ̀ yóò ṣe dùn tó, àti bóyá yóò tiẹ̀ dàgbà tó láti so ohunkóhun.

Ẹni tó bá ti ka ìwé Róòmù nínú Bíbélì Yorùbá ti bá ọ̀rọ̀ náà pàdé: lílọ́. Pọ́ọ̀lù sọ̀rọ̀ ẹ̀ka igi ólífì ìgbẹ́ tí wọ́n lọ́ mọ́ igi ólífì inú oko. Ọlọ́sàn yóò rẹ́rìn-ín díẹ̀ tó bá débẹ̀, torí òdìkejì rẹ̀ là ń ṣe: èyí tó le bí igi ìgbẹ́ la fi ń ṣe ìdí, ti inú oko la ń gbé lé e lórí. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ti wí pé ohun tí òun ń sọ lòdì sí ìṣe ẹ̀dá igi, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè bá a jà.

Iṣẹ́ náà kì í gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n á kọ́kọ́ gbin kóró igi ìdí, wọ́n á dúró títí igi náà yóò fi nípọn tó pẹ́ńsù. Wọ́n á wá fi ọ̀bẹ mímú lá èèpo rẹ̀ bí ẹni ń kọ lẹ́tà T, wọ́n á rọra ṣí etí èèpo náà. Ojú kan ṣoṣo ni wọ́n á bẹ́ lára ẹ̀ka ọsàn tó dáa, pẹ̀lú èèpo tín-ín-rín tó yí i ká, wọ́n á tì í bọ abẹ́ èèpo tí wọ́n ti ṣí, wọ́n á fi ọ̀rá wé e pinpin. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á tú u wò. Tí ojú náà bá ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó ti mú. Tó bá ti dúdú, ó ti kú, kí wọ́n gbìyànjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Èyí tó bá mú, wọ́n á gé orí igi ìdí kúrò kí agbára lè bọ́ sí ojú tuntun náà. Láti ọjọ́ náà lọ, wọn kì í pò mọ́ra. Òkè àpá jẹ́ Valencia títí ayé, ìsàlẹ̀ rẹ̀ wà bó ṣe wà. Omi àti èròjà ilẹ̀ ń gòkè, oúnjẹ tí ewé sè ń sọ̀ kalẹ̀, kálukú sì dúró sí àyè rẹ̀.

Kí ló dé tí a kò kúkú gbin kóró ọsàn dídùn kó hù fúnra rẹ̀? Àwọn bàbá wa ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ igi ọsàn àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé ló hù láti inú kóró. Wọ́n máa ń ga bí igi ìrókò ọmọdé, ẹ̀gún wọn a máa gún ni, wọ́n sì lè lò tó ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá kí wọ́n tó so. Igi tí a lọ́ ń so ní ọdún kẹta sí ìkẹrin, torí ara igi tó ti bàlágà ni wọ́n ti bẹ́ ojú rẹ̀. Washington tiẹ̀ kì í ní kóró rárá, lílọ́ ni wọ́n sábà fi ń bí i. Ohun kan tún wà tó ṣe pàtàkì ju kíá síso lọ, òun sì ni gbòǹgbò. Gbòǹgbò ọsàn dídùn kì í lè dúró níwájú àrùn inú ilẹ̀ tútù.

Ibẹ̀ ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1834 sí 1842, ọsàn erékùṣù Azores, tí àwọn ará Pọ́túgà ń gbìn, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà láti ìdí. Èèpo á là, oje á máa sun jáde bí omijé, igi á sì kú. Ohun tó ń fà á ni ẹ̀yà kan tó jọ olú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Phytophthora, tó ń gbé inú ilẹ̀ tó rin. Àwọn àgbẹ̀ yíká Òkun Mẹditaréníà wá rí i pé ọsàn kíkan, èyí tí àwọn elégbòogi wa ń pè ní jàgànyìn, kì í kó àrùn yìí bọ̀rọ̀. Wọ́n fi í ṣe igi ìdí. Kò pẹ́ tó fi di ọba láàárín igi ìdí ayé: ó gba òtútù, ó gba ilẹ̀ tó ní ẹfun, ó gba omi dé ìwọ̀n kan, ọsàn tó bá sì wà lórí rẹ̀ máa ń ládùn, èèpo rẹ̀ a sì fẹ́lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọlọ́sàn kan ní Sípéènì tàbí ní Bùràsíìlì ní 1920 pé igi ìdí wo ló dára jù, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ì bá gbọ́.

Ọba yẹn ló wá wàjà lójijì. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé ọsàn dídùn kì í gbé lórí jàgànyìn níbẹ̀, wọ́n rò pé ara wọn kò bára mu ni, àmọ́ àrùn ni. Láàárín 1930 sí 1939 àrùn náà dé Ajẹntínà àti Bùràsíìlì. Nígbà tó fi máa di ọdún méjìlá sí i, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù igi ti kú ní ìpínlẹ̀ São Paulo nìkan. Sylvio Moreira, onímọ̀ ọ̀gbìn ará Bùràsíìlì, ló fún un lórúkọ ní 1942: tristeza, tí í ṣe ìbànújẹ́ ní èdè Pọ́túgà. Ní 1946 ni wọ́n fi hàn pé kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ kan tó ń fa oje ewé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ láti igi dé igi. Sípéènì rí tirẹ̀ ní 1957, níbẹ̀ náà igi tó lé ní mílíọ̀nù 40 bá a lọ. Tí a bá da ti gbogbo ayé pọ̀, wọ́n ní ó súnmọ́ mílíọ̀nù 100.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni bí ikú náà ṣe ń wáyé. Jàgànyìn nìkan, fáírọ́ọ̀sì yìí kò lè pa á. Ọsàn dídùn nìkan, tó hù láti inú kóró, ó lè gbé e kiri láì ṣàìsàn. Àjọṣe àwọn méjèèjì ló ń pa wọ́n. Níbi àpá tí wọ́n ti pàdé gan-an ni ọ̀nà oúnjẹ abẹ́ èèpo ti ń kú. Ewé ń se oúnjẹ lókè, oúnjẹ kò dé ìsàlẹ̀, ebi ń pa gbòǹgbò lójú ọ̀pọ̀. Lọ́jọ́ tí gbòǹgbò kò bá lè fa omi mọ́, ewé á rọ, èso á gbẹ mọ́ igi lára. Ẹni tó ń wo òkè nìkan kò ní mọ̀ pé ìdí ni ọ̀ràn wà.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ní Gold Coast, tí í ṣe Ghana òní, ọsàn wẹ́wẹ́ kú lọ ràì. Nígbà tó fi di 1953 àwọn onímọ̀ ti sọ pé fáírọ́ọ̀sì ni, ìdílé kan náà ni òun àti tristeza. Nítorí èyí, ẹni tó bá fẹ́ lọ́ ọsàn dídùn mọ́ jàgànyìn ní ilẹ̀ wa nítorí pé jàgànyìn wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kó tún un rò.

Bùràsíìlì kò jókòó sunkún. Wọ́n kó lọ sórí Rangpur, ọsàn kíkan pupa kan tí wọ́n ń pè ní limão cravo. Tristeza kì í pa ọsàn tó wà lórí rẹ̀, ó lè gba ọ̀dá ju ọ̀pọ̀ lọ, ó sì máa ń tètè so. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé nínú igi márùn-ún ní São Paulo, mẹ́rin ló wà lórí Rangpur. Ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ní 1999, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais, àrùn tuntun jáde tó ń pa ọsàn orí Rangpur láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n pè é ní ikú òjijì. Tí wọ́n bá ṣí èèpo igi ìdí rẹ̀, inú rẹ̀ á ti pọ́n bí àwọ̀ èlùbọ́ inú omi. Iṣẹ́ ọwọ́ ni àwọn àgbẹ̀ fi gba ara wọn: wọ́n gbin ọmọ igi méjì tàbí mẹ́ta, irú igi ìdí mìíràn bíi Swingle tàbí Cleopatra, sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tó ti dàgbà, wọ́n dá ihò sí èèpo igi orí lókè àpá, wọ́n ki orí ọmọ igi náà bọ̀ ọ́. Nígbà tí Rangpur bá kú lábẹ́, igi náà ti ní ẹsẹ̀ mìíràn tó fi dúró. Mi ò tíì rí iṣẹ́ oko tó dà báyìí: kí ènìyàn pààrọ̀ ìpìlẹ̀ ilé, kí onílé má sì kúrò níbẹ̀.

Àrùn ni mo ti ń sọ láti ìgbà yìí, torí òun ló ń lé àwọn ènìyàn láti ìdí kan dé òmíràn. Àmọ́ kódà níbi tí àrùn kò sí, ìdí kan kò lè fún ni ní gbogbo nǹkan, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ olùkọ̀wé oko ti ń tan àgbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ "igi ìdí tó dára jù". Ẹ jẹ́ ká mú rọ́ọ̀fù lẹ́mọ̀nù, òroǹbó eléèpo ṣákaṣàka, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní nọ́sìrì wa. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń jìn, ó máa ń tàn, ilẹ̀ yanrìn kò ṣe é ní nǹkan, ọ̀dá kò tètè mú un. Igi orí rẹ̀ á yára dàgbà, èso á pọ̀, á tóbi. Àwọn ará Florida ní Amẹ́ríkà fi í kọ́ oko ọsàn orí òkè yanrìn wọn. Ṣùgbọ́n ọsàn náà máa ń nípọn léèpo, omi rẹ̀ a ṣàn ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé òroǹbó ta kíkan rẹ̀ sókè, bí àwọn kan ti ń wí. Kíkan gan-an tún dínkù. Omi ló fà á. Gbòǹgbò tó ń fa omi lọ́pọ̀ ń fi omi la ṣúgà inú èso, bí ìgbà tí ènìyàn bu omi sí ọtí ẹlẹ́mu. Gbòǹgbò tí kì í fa omi tó bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí èso kó ṣúgà jọ láti fi di omi tirẹ̀ mú.

Ní Florida, owó ló sọ ọ̀rọ̀ yìí di ìjà. Ilé iṣẹ́ omi ọsàn wọn kì í fi ìwọ̀n ọsàn nìkan sanwó. Ìwọ̀n ṣúgà tó wà nínú omi rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Nípa bẹ́ẹ̀, igi orí rọ́ọ̀fù lẹ́mọ̀nù lè so àpótí púpọ̀, kí igi orí Carrizo, igi ìdí mìíràn tí màá dé orí rẹ̀, má so tó bẹ́ẹ̀, kí owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Rọ́ọ̀fù lẹ́mọ̀nù sì tún ní gbèsè kejì: àrùn kan tí ń dí ọ̀nà omi inú igi máa ń mú igi orí rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dàgbà tán, ìyẹn ló lé e kúrò lórí ìtẹ́ níbẹ̀.

Ní òdìkejì rẹ̀ ni ọsàn ewé mẹ́ta wà, Poncirus trifoliata láti Ṣáínà, tí ewé rẹ̀ ń yọ mẹ́ta mẹ́ta tó sì ń wọ́wé nígbà òtútù. Ọsàn orí rẹ̀ ládùn gan-an, àrùn jíjẹrà ìdí kò mú un, tristeza kò mú un, aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ kò mú un. Jàpáànì gbé oko ọsàn satsuma wọn kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbìn ín sí ilẹ̀ tó ní ẹfun, ewé á pọ́n bí ìyeyè, kò sì fẹ́ràn gbígbẹ. Tí ẹ bá dé oko tó ti dàgbà tí ó wà lórí rẹ̀, ẹ wo ìdí: igi ìsàlẹ̀ máa ń tóbi ju ti òkè lọ, bí ọmọ tó wọ bàtà bàbá rẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ kan wà tí ẹ̀gún rẹ̀ tẹ̀ bí ìkọ́ ẹja, Flying Dragon. Ọsàn orí ìyẹn kì í sábà ju mítà méjì ààbọ̀ lọ. Ẹ rò ó wò, ọsàn tí ènìyàn dúró sílẹ̀ ká láì gun àkàbà, tí wọ́n lè gbìn mọ́ra ní ìlọ́po. Igi kọ̀ọ̀kan á so díẹ̀, sarè á so púpọ̀. Cleopatra ní tirẹ̀ gba iyọ̀ inú ilẹ̀ ju ọ̀pọ̀ lọ, ó wúlò létí òkun, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́ kó tó so, èso rẹ̀ sì máa ń kéré.

Bí àwọn méjì ṣe máa ń bá ara wọn jà náà wà. Lẹ́mọ̀nù Eureka kì í gbé pẹ̀lú ọsàn ewé mẹ́ta. Pêra, ọsàn tí Bùràsíìlì fẹ́ràn jù, kì í gbé pẹ̀lú Swingle, nítorí náà wọ́n máa ń fi ọsàn Hamlin tàbí Valencia sáàárín wọn bí alárinà. Igi mẹ́ta nínú igi kan nìyẹn.

Àwọn tó fẹ́ kó gbogbo oore jọ sójú kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í so ọsàn ewé mẹ́ta pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn. Ní 1907, onímọ̀ ọ̀gbìn kan, Walter T. Swingle, fi í so gírépù Duncan ní Florida. Ọmọ tó ti ibẹ̀ jáde, Swingle tí mo ti dárúkọ yẹn, kò di ohun tí ìjọba gbé fún àgbẹ̀ títí di 1974. Ọdún 67! Ẹni tó bá ń fojú wo igi ìdí ní ọdún mẹ́ta kó tó ṣèpinnu, kó rántí èyí. Ní 1909, wọ́n tún fi ọsàn ewé mẹ́ta so Washington, ibẹ̀ ni Carrizo àti Troyer ti wá. Washington yìí kì í ṣe ará Amẹ́ríkà o. Ìlú Bahia ni wọ́n ti mú un, ní Bùràsíìlì, níbi tí èdè Yorùbá ti ń dún ní ilé òrìṣà dòní. Wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ìlú Washington ní 1870, obìnrin kan tó ń jẹ́ Eliza Tibbets gba díẹ̀ nínú rẹ̀ ní 1873, ó gbìn ín sí Riverside ní California. Ọ̀kan nínú àwọn igi ìyá náà ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì níbẹ̀. Àrùn jíjẹrà ìdí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní 1918 wọ́n gbin ọmọ igi yí i ká, wọ́n kì wọ́n mọ́ ọn lára, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará São Paulo ṣe wá ṣe lẹ́yìn náà.

Gbogbo ọgbọ́n yìí dé etí bèbè nígbà tí àrùn ewé pípọ́n dé, èyí tí kòkòrò wẹ́wẹ́ kan láti Éṣíà ń tàn kálẹ̀. São Paulo rí i ní 2004, Florida ní 2005. Florida tó ká àpótí ọsàn mílíọ̀nù 242 ní 2003 sí 2004, kò ká tó mílíọ̀nù 16 ní 2022 sí 2023. Àwọn igi ìdí kan, bíi US-942, ń jẹ́ kí igi tó ṣàìsàn lè so díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó gbà á lọ́wọ́ àrùn náà. Orí ni kòkòrò yẹn ń bà lé, ìdí kò lè lé e. Ní 2020 ni àwọn onímọ̀ sì gbé e jáde pé wọ́n ti rí kòkòrò náà ní Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ yẹn tó láti jẹ́ kí ènìyàn ṣọ́ra fún ọ̀gbìn tí kò mọ orírun rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Láti 1975 ni ilé ìwádìí ọ̀gbìn NIHORT ti wà ní Ìdí-Iṣin, Ìbàdàn. Orúkọ àdúgbò náà gan-an bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n á dárúkọ rọ́ọ̀fù lẹ́mọ̀nù àti Cleopatra fún yín. Ṣùgbọ́n ìdí tí rọ́ọ̀fù lẹ́mọ̀nù fi gba gbogbo nọ́sìrì, lójú tèmi, kò sí nínú ìwé kankan. Kóró rẹ̀ pọ̀, ó máa ń hù dáadáa, ó máa ń tètè nípọn tó ohun tí wọ́n lè lọ́. Kóró ọsàn sì ní àrà kan: ó lè bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀pọ̀ wọn á jọ ìyá wọn pátápátá bí ìbejì, láì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú bàbá. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí oko dọ́gba. Èyí tó bá yàtọ̀ láàárín wọn, ó yẹ kí ọlọ́gbìn fà á tu, ṣùgbọ́n ta ni yóò fa ohun tí yóò tà tu?

Ọjà wa náà dá sí i. Ẹni tó ń bó ọsàn tà lórí àtẹ kì í wọn ṣúgà. Iye ọsàn àti bó ṣe tóbi tó ni owó ń tẹ̀lé. Àwọn tó ń kó ọsàn wá láti Benue, àpò àti ọkọ̀ ni wọ́n ń kà. Nínú ọjà bẹ́ẹ̀, àgbẹ̀ tó fi adùn sílẹ̀ tó sì mú ọ̀pọ̀ kò ṣàṣìṣe. Mi ò lè bínú sí i. Ohun tí mo lè sọ ni pé bí ilẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tí omi ń dúró sí, rọ́ọ̀fù lẹ́mọ̀nù yóò jẹrà mọ́ ọn lọ́wọ́, Cleopatra náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ gbà á là. Kó kọ́kọ́ la ọ̀nà omi. Kó má sì bo àpá náà mọ́lẹ̀ nígbà tó bá ń gbìn. Bí ilẹ̀ bá kan òkè àpá, Valencia fúnra rẹ̀ á ta gbòǹgbò, gbogbo owó tó san fún ìdí ti wọ omi.

Ọsàn mẹ́fà tí mo rà, márùn-ún ń ṣe dáadáa. Ìkẹfà, ewúrẹ́ aládùúgbò jẹ ẹ́ ní oṣù kejì, ó jẹ ẹ́ títí dé ìsàlẹ̀ àpá. Mi ò fà á tu. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, èhù mẹ́ta yọ láti ìdí rẹ̀, ẹ̀gún wọn gùn tó ìka, ọ̀mùnú wọn sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo já ewé kan, mo rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́, mo gbé e sí imú. Òroǹbó ni.